Bàtà Awárin: Dí Etí Rẹ̀ Kí Etí Rẹ Má Baà Gbọ́ Irọ́

  Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbé àpótí yín súnmọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì, nítorí ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin náà. Ẹ̀rọ kan ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí, ẹ̀rọ tí ń fi etí wá ohun tí ojú kò lè rí. Òun ni àwọn kan fi ń wá wúrà nínú ilẹ̀. Òun ni àwọn sójà fi ń wá bọ́ǹbù tí ọ̀tá rì mọ́ ojú ọ̀nà. Irú rẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ fi ń yẹ ara èrò wò ní pápákọ̀ òfurufú, kí ẹnikẹ́ni má baà mú ìbọn tàbí ọ̀bẹ wọ inú ọkọ̀. Àwọn Òyìnbó ní orúkọ tiwọn fún un, ṣùgbọ́n awárin ni èmi yóò máa pè é lónìí, èyíinì ni ẹ̀rọ tí ń wá irin.

Bí mo bá sì wí pé irin, ẹ má ṣe rò pé irin dúdú tí alágbẹ̀dẹ ń rọ nìkan ni mo ń wí. Gbogbo ẹbí rẹ̀ ni mo kó pọ̀: bàbà, idẹ, òjé, fàdákà àti wúrà. Gbogbo wọn ni awárin ń gbọ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ara ẹ̀rọ yìí ni a óò yẹ̀ wò. Ohun kékeré kan tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí, ohun tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kà sí. Síbẹ̀, ohun kékeré yìí lè sọ ẹ̀rọ olówó ńlá di òpùrọ́. Àwọn baba wa ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹ fi òwe yìí sápò ná. A óò tún yọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ wa tó parí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí awárin ti rí. Ọ̀pá gígùn kan ni, bí ọ̀pá ìtilẹ̀ àgbàlagbà. Lókè, níbi tí a ń fi ọwọ́ dì mú, ni àpótí kékeré kan wà tí bátìrì ń bẹ nínú rẹ̀, ibẹ̀ ni a sì ti ń gbọ́ ohùn ẹ̀rọ. Nísàlẹ̀ ọ̀pá náà ni ohun pẹlẹbẹ kan wà, tí ó sábà máa ń rí roboto bí àwo. Òun ni wọ́n ń pè ní kọ́ìlì. Ẹni tí ń lò ó yóò máa fì í sọ́tùn-ún sósì, kò ní jẹ́ kí ó jìnnà sílẹ̀, yóò sì máa tẹ́tí.

Nínú kọ́ìlì yìí ni wáyà bàbà wà, tí a ká ní ọ̀pọ̀ ìgbà bí ẹni ká okùn. Ìká méjì ni ó sábà máa ń jẹ́. Ọ̀kan ń pè, èkejì ń gbọ́. Iná mànàmáná tí ń gba inú ìká tí ń pè kọjá kì í lọ sí ọ̀nà kan ṣoṣo; ó ń lọ, ó ń bọ̀, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ó ti ń lọ tí ó ń bọ̀ báyìí, ó ń rán agbára òòfà wọ inú ilẹ̀. Bí agbára yìí bá kan irin, yóò ru iná mànàmáná díẹ̀ sókè nínú irin náà, irin náà yóò sì rán agbára òòfà tirẹ̀ padà. Èyí ni ìká kejì ń gbọ́, tí ẹ̀rọ fi ń ké sí wa létí. Ó dàbí ìgbà tí ọmọdé bá dúró sí ẹsẹ̀ òkè tí ó pariwo, tí òkè sì dá a lóhùn. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ti to ìká méjèèjì lọ́nà tí èyí tí ń gbọ́ kò fi ní máa gbọ́ ohùn ìkejì rẹ̀ tààrà, bí kò ṣe ìdáhùn tó ti ibòmíràn wá.

Ìdáhùn yìí kò lágbára rárá. Ẹ jẹ́ kí a mú ohun kékeré kan tí ó jìnnà sí kọ́ìlì ju bí kọ́ìlì ti fẹ̀ tó lọ dáadáa. Bí a bá sọ ìjìnnà náà di ìlọ́po méjì, ohùn tí yóò padà wá kò ní ju nǹkan bí ìdá 1 nínú 64 ti tẹ́lẹ̀ lọ. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún ẹ̀rọ yìí ní etí tó mú púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tí etí rẹ̀ bá mú tó bẹ́ẹ̀, bí ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni yóò máa gbọ́ ariwo èkúté lórí àjà.

Ìtàn kan wà tí ó fi èyí hàn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 1881, ọkùnrin kan yìnbọn lu James Garfield, ààrẹ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní ibùdókọ̀ ojú-irin ní ìlú Washington. Ọta ìbọn kan wọ inú ara rẹ̀, àwọn dókítà kò sì mọ ibi tí ó sápamọ́ sí. Ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun àti inú ara kò tíì sí láyé nígbà náà; ọdún 1895 ni wọ́n tó mọ ìtànṣán tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Alexander Graham Bell, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ẹ̀rọ tẹlifóònù, gbé ọ̀rọ̀ náà lé àyà. Ó fi wáyà kíká àti etí tẹlifóònù ṣe ẹ̀rọ kan tí yóò wá ọta náà rí. Ó dán an wò níbòmíràn, ó ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ààrẹ, ohùn tí ó gbọ́ kò yé e. Lẹ́yìn náà ni ó gbọ́ pé wáyà irin wà nínú ibùsùn tí aláìsàn náà dùbúlẹ̀ lé lórí. Olórí àwọn dókítà sì ti gbà lọ́kàn pé apá ọ̀tún ni ọta wà, kò jẹ́ kí ó wá apá òsì. Apá òsì gan-an ni ọta wà. Ààrẹ Garfield kú ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rọ Bell kò purọ́. Ó ṣeé ṣe kí irin dá a lóhùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ irin tí ó ń wá. Irin ibùsùn, tí ẹnikẹ́ni kò kà sí, lè ti da ohùn tí ó ń gbọ́ rú. Ohun kékeré tó bá wà nítòsí kọ́ìlì lè pariwo ju ohun ńlá tó jìnnà lọ. Ẹ̀kọ́ tí a óò fi wo ọ̀rọ̀ tòní nìyẹn.

Ó dára. Kí ni ohun kékeré tí mo ní ó wà lábẹ́ ẹ̀rọ? Bí a ti ń fi kọ́ìlì rìn lórí ilẹ̀, ó ń gbá òkúta, ó ń gbá kùkùté, iyanrìn ń ha á. Ara kọ́ìlì fúnra rẹ̀ kò nípọn. Bí ó bá ha títí tí ó fi sán, omi yóò gba ojú sísán náà wọlé lọ bá wáyà bàbà, kọ́ìlì sì bàjẹ́ nìyẹn. Owó kékeré kọ́ ni a fi ń ra òmíràn. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń fi ike pẹlẹbẹ kan bo abẹ́ rẹ̀. Ike náà ní etí tí ó ká sókè yíká bí etí àwo, kọ́ìlì yóò sì jókòó sínú rẹ̀ dẹ́dẹ́. Bàtà ni èmi yóò máa pè é, nítorí iṣẹ́ bàtà ni ó ń ṣe. Òkúta tí ì bá gé ẹsẹ̀, bàtà ni yóò gé. Bí bàtà bá sì jẹ tán, a óò ra òmíràn, ẹsẹ̀ kò ní bàjẹ́.

Títí dé ibi yìí, ohun tó dára ni bàtà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti wọ bàtà rin etí odò rí, ẹ mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀: iyanrìn a máa wọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kọ́ìlì. Láàárín etí bàtà àti ara kọ́ìlì ni àlàfo tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Eruku ń gbà á wọlé, ẹrẹ̀ ń gbà á wọlé, omi ń gbà á wọlé. Wọ́n wọlé tán, wọn kò rí ọ̀nà jáde, wọ́n sì wà níbẹ̀, wọ́n fara ti kọ́ìlì pẹ́kípẹ́kí.

Ẹnì kan lè bi mí pé, “Baba, ṣé ẹrẹ̀ náà di irin ni?” Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo ilẹ̀ pupa tiwa yìí, ẹ wo yangí tí a fi ń kọ́ ògiri nígbà mìíràn. Kí ni ó pọ́n ọn? Ìpẹtà irin ni. Irin pọ̀ nínú yangí. Ẹ tún mú òòfà, kí ẹ fi fa iyanrìn etí odò tàbí ti ojú àgbàrá lẹ́yìn òjò. Níbi púpọ̀ ẹ ó rí èérún dúdú tí yóò lẹ̀ mọ́ òòfà náà. Irin ni nínú òun náà. Níbi tí àwọn baba ńlá wa ti yọ́ irin láyé àtijọ́, ìdàrọ́ ṣì wà káàkiri nínú ilẹ̀, irin sì kù nínú rẹ̀. Bí èérún ìwọ̀nyí bá wọ inú bàtà, etí awárin yóò gbọ́ wọn. Ti omi iyọ̀ ńkọ́? Omi òkun a máa gbé iná mànàmáná. Bí ó bá dúró sínú bàtà, tí ó ń ṣàn síwá sẹ́yìn bí a ti ń fi kọ́ìlì, òun náà yóò máa dáhùn.

Ẹ fiyè sí ohun tí mo sọ yẹn: síwá sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ awárin òde òní ni wọ́n ṣe lọ́nà tí wọn kò fi ní ka ohun tó bá dúró lójú kan mọ́ ara kọ́ìlì sí. Ó dàbí ẹni tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ẹ̀rọ ọlọ. Bó pẹ́ títí, etí rẹ̀ á mọ́ ariwo náà lára. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ń yí, tó ń ṣàn, tó ń ṣípò padà, ni ẹ̀rọ yóò ké lé lórí. Ẹrẹ̀ inú bàtà kì í dúró lójú kan. Bí kọ́ìlì bá gbá òkúta, yóò ṣípò. Bí ó bá ń gbẹ díẹ̀díẹ̀, ohùn rẹ̀ yóò máa yí padà. Ìdí nìyí tí awárin fi lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ ní òwúrọ̀, kí ó sì máa pariwo bí adìẹ tó rí àṣá nígbà tí ó bá fi máa di ọ̀sán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo ọkùnrin kan tí ó gba ìwé àṣẹ, tí ó ń wá wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, níbi tí wúrà wà nínú ilẹ̀ lóòótọ́. Òjò rọ̀ ní àná. Ó gbé awárin rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédé. Bí ó di agogo 11, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó gbẹ́lẹ̀, kò rí nǹkankan. Ó tún fi kọ́ìlì, ẹ̀rọ tún ké, ó tún gbẹ́lẹ̀, òfo. Ó gbẹ́ ihò méje. Àárẹ̀ mú un, inú bí i. Ó wá ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń ṣe: ó yí bọ́tìnì tí ń dín mímú etí ẹ̀rọ kù, ó yí i títí ẹ̀rọ fi dákẹ́. Ó ní, “Ó ti dára báyìí.” Ó ń bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò mọ̀ pé ẹ̀rọ tí òun fọ́ létí kò lè gbọ́ wúrà tó tó hóró ẹ̀wà tí òun ń fi kọ́ìlì rékọjá lórí rẹ̀.

Ibi tí àdánù wà gan-an nìyẹn, ẹ̀yin ará. Kì í ṣe ihò méje náà ni mo ń káàánú. Ihò ṣeé dí. Ohun tó burú ni pé etí tó bá ti gbọ́ irọ́ púpọ̀ kì í gba òótọ́ gbọ́ mọ́. Ọkùnrin náà ìbá tú bàtà kọ́ìlì rẹ̀ wò, ẹ̀kúnwọ́ ẹrẹ̀ pupa ni ìbá bá níbẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìbá sì fi fọ̀ ọ́.

Kí ẹ lè mọ ohun tí òótọ́ kan lè tó, ní oṣù Keje ọdún 2009, ọkùnrin kan ń fi awárin rìn nínú oko kan ní ẹkùn Staffordshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ kọ ilẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ohunkóhun wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ké, ó gbẹ́lẹ̀, ó rí wúrà. Nígbà tí àwọn onímọ̀ fi máa kó gbogbo rẹ̀ tán, wúrà tó tó nǹkan bíi kílógíráàmù 4 ni wọ́n kó jáde, pẹ̀lú fàdákà, ohun ọ̀ṣọ́ àwọn jagunjagun tó ti lé ní 1,300 ọdún. Ohùn kan létí ọkùnrin kan ni ó ṣí ìwé ìtàn náà.

Ní ojú ogun ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ju wúrà lọ. Ní ọdún 1941, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọ̀gágun kan tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Pólàńdì, Józef Kosacki, tí ó wà ní Bìrìtìkó nígbà náà, ṣe awárin kan tí sójà kan ṣoṣo lè gbé lọ́wọ́ láti fi wá bọ́ǹbù inú ilẹ̀. Wọ́n lò ó ní El Alamein, ní ilẹ̀ Íjíbítì, ní ọdún 1942, kí àwọn ọmọ-ogun lè rí ọ̀nà gbà láàárín bọ́ǹbù tí àwọn ọ̀tá gbìn. Títí di òní ni àwọn òṣìṣẹ́ ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wẹ ilẹ̀ mọ́ lẹ́yìn ogun. Nínú iṣẹ́ tiwọn, irọ́ kan ń jẹ wọ́n ní àkókò, nítorí gbogbo ohùn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbẹ́ jẹ́jẹ́; òótọ́ kan tí wọn kò gbọ́ sì lè jẹ ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀mí. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń fi ègé irin tí wọ́n mọ̀ dán ẹ̀rọ wò kí wọ́n tó wọ pápá.

Ó yá, báwo ni a ṣe lè tọ́jú bàtà yìí, kí a sì dí etí rẹ̀? Ẹ fi ìka kà á tẹ̀lé mi.

Èkíní, ẹ mọ irú ike tí ẹ óò lò. Bàtà tí àwọn tó ṣe kọ́ìlì bá ṣe fún un ni ó dára jù, nítorí yóò bá a mu dẹ́dẹ́. Bí ẹnì kan bá fẹ́ fúnra rẹ̀ gé bàtà láti ara ike pẹlẹbẹ, kí ó má ṣe nípọn jù, nítorí gbogbo bí bàtà ti nípọn tó ni kọ́ìlì fi jìnnà sílẹ̀ sí i. Kí ó má sì ní irin, tàbí ọ̀dà tí a pò lúbúlúbú irin mọ́. Ike mìíràn wà tí a pò mọ́ èédú, tí ó lè gbé iná mànàmáná. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n rọrùn: ẹ tan awárin, kí ẹ fi ike náà kọjá lábẹ́ kọ́ìlì. Bí ẹ̀rọ bá ké, ẹ wá òmíràn.

Èkejì, ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ bọ́ bàtà kúrò, kí ẹ fi omi tó mọ́ gaara àti kànìnkànìn rírọ̀ fọ bàtà àti abẹ́ kọ́ìlì. Bí ẹ bá ti etí òkun dé, omi tí kò ní iyọ̀ ni kí ẹ fi ṣan án dáadáa. Ẹ má ṣe fi bẹntiróòlù, kẹrosíìnì tàbí tínà tí àwọn akunlé ń lò fọ̀ ọ́. Wọ́n lè jẹ ike. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí omi dé àpótí tó wà lókè ọ̀pá.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ. Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ní sùúrù fún. Ẹ gbé méjèèjì sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, lábẹ́ òjìji, kí ó di ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe yá a níná, ẹ má ṣe sá a sí oòrùn gangan, kí ike má baà lọ́. Àwọn àgbà ní bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Ẹni tó bá dí etí bàtà nígbà tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, ọ̀tá ni ó tì mọ́ inú ilé. Omi tí ìbá gbẹ fúnra rẹ̀ kò ní rí ọ̀nà jáde mọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dí i. Ọ̀nà méjì ló wà. Ọ̀nà tó rọrùn ni téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná mànàmáná ń wé mọ́ wáyà. Ẹ nu etí bàtà kí ó gbẹ, kí ẹ fi téèpù náà yí i po, ìdajì lára bàtà, ìdajì lára kọ́ìlì, kí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ má ṣe lo téèpù tí ń dán bíi fàdákà. Irin lè wà lára rẹ̀. Téèpù dúdú dára fún eruku àti ìrì, ó sì rọrùn láti ṣí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń rin inú omi, kò ní pẹ́ tí yóò fi ṣí.

Ọ̀nà kejì ni àtè tí àwọn tí ń ṣe fèrèsé onígíláàsì fi ń dí etí gíláàsì, tí wọ́n ń pè ní sílíkóònù. Ẹ fa á tẹ́ẹ́rẹ́ yíká àlàfo náà, kí ẹ fi ìka tí a rì sínú omi ọṣẹ tẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó gbẹ fún wákàtí 24 kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ jáde. Ẹ má ṣe kùn ún sí gbogbo abẹ́ kọ́ìlì. Etí nìkan ni, kí ẹ lè fi ọ̀bẹ ike gé e kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ bàtà. Oríṣi sílíkóònù kan wà tí ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tí kò tíì gbẹ. Ẹ má ṣe lo èyí. Kíkan rẹ̀ lè jẹ bàbà. Èyí tí kì í rùn kíkan ni kí ẹ béèrè. Ẹ má sì ṣe lo gọ́ọ̀mù líle tí kì í tú mọ́. Ibi tí wáyà ti wọ kọ́ìlì lókè, ẹ fi í sílẹ̀ bí ẹ ti bá a. Ó gbọ́dọ̀ lè tẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́. Dídí etí bàtà kò sọ kọ́ìlì tí omi lè wọ̀ di kọ́ìlì tí omi kò lè wọ̀. Bí ìwé tó bá ẹ̀rọ yín wá bá sọ pé kí ẹ má ṣe rì í sínú omi, ẹ má ṣe rì í. Àwọn mìíràn sì wà tí wọn kì í dí bàtà rárá. Wọ́n ń bọ́ ọ, wọ́n ń fọ̀ ọ́ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti oko dé. Ìyẹn náà dára, bí wọn kò bá gbàgbé. Èyí tó burú ni kí a má dí i, kí a má sì fọ̀ ọ́.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dán an wò. Ẹ kúrò lábẹ́ òrùlé páànù, ẹ jìnnà sí ibùsùn onírin, ẹ pa fóònù yín, ẹ bọ́ òrùka ọwọ́. Ẹ gbé kọ́ìlì sókè kúrò nílẹ̀, kí ẹ tan ẹ̀rọ. Ẹ fi ìka kan abẹ́ bàtà díẹ̀díẹ̀, ẹ fì í, ẹ gbọ̀n ọ́n jẹ́jẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ó mọ́. Bí ó bá ké, nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀ tàbí wáyà kan ti dẹ̀, ẹ tú u wò. Lẹ́yìn náà, ẹ mú owó ẹyọ kan àti rúlà. Kí ẹ tó fi bàtà sí i, ẹ wọn ibi tí ẹ̀rọ ti lè gbọ́ owó náà. Bí ẹ bá fi bàtà sí i tán, ẹ tún un wọ̀n. Bí ìyàtọ̀ rẹ̀ kò bá ju bí ike ti nípọn tó lọ, iṣẹ́ yín yọrí sí rere. Ẹ kọ iye náà sílẹ̀, kí ẹ máa fi wé e lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹ̀yin olùkọ́, ohun tí ọmọ kíláàsì lè ṣe nìyẹn, tí wọn yóò fi kọ́ ìwọ̀n, òòfà àti sùúrù pọ̀.

Kí n tó dákẹ́, ìkìlọ̀ díẹ̀. Ẹ má ṣe fi awárin wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 2007 lórí ohun àlùmọ́ọ́nì sọ pé ti ìjọba àpapọ̀ ni wúrà àti irú rẹ̀ tó wà nínú ilẹ̀, ìwé àṣẹ sì ni a fi ń wá wọn. Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn baba wa sì ní òfin tirẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́ wọn jáde láìgba àṣẹ, nítorí ibi tí ohun náà gbé dùbúlẹ̀ jẹ́ ìdajì ìtàn rẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ohun tó jọ bọ́ǹbù, ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹ rọra padà ní ọ̀nà tí ẹ gbà wá, kí ẹ sọ fún àwọn ọlọ́pàá. Awárin tí a rà lọ́jà kọ́ ni a fi ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yọ òwe wa kúrò nínú àpò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àlàfo tó wà létí bàtà kò ju ìbú ọ̀bẹ lọ, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni irọ́ ń gbà wọlé. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, ẹ dí etí rẹ̀, ẹ dán an wò. Bí ẹ̀rọ yín bá wá ké lẹ́yìn ìyẹn, ẹ dúró, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ gbẹ́ ibẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó ṣeé ṣe kí ilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ gidi kan tó fẹ́ bá yín sọ.